Oúnjẹ Ìrọ̀rùn fún Ìpéjọ Ẹbí Lásìkò Iléyá ní Ìbàràpá



Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, kò sí ilé Mùsùlùmí kan ní Ìbàràpá tí kò mọ bí ọjọ́ kejì Iléyá ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ tó ń gbé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ti dé. Ẹran wà nílẹ̀. Bàbá àgbà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àlejò sì ń wọlé ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó rí ìyàwó ilé méjì tàbí mẹ́ta tí èéfín ti sọ ojú wọn di pupa láti ìdájí. Wọn kò ráyè kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọn ó bá fi wẹ̀ tán, tí wọn ó fi wọ aṣọ ọdún, àlejò ti ń dágbére. Bí ọdún ṣe ń kọjá lórí wọn nìyẹn.

Ohun tó mú kí a kọ ìtọ́nà yìí nìyẹn. A fẹ́ kí gbogbo ẹbí jọ jẹun ní ìta, kí iṣẹ́ má pa ẹnì kan, kí oúnjẹ má bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ibi ọdún dé ilé ìwòsàn. Ètò tí a ó là sílẹ̀ níbí wúlò fún ogún ènìyàn. Bí ẹ bá jẹ́ ogójì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ tún lè lò ó nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ọmọ iléèwé, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ nípa àwọn ọjọ́ wọ̀nyí?

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé ọjọ́ Iléyá, ìyẹn ọjọ́ 11, 12 àti 13 oṣù Súlí-Híjjà, ni à ń pè ní ọjọ́ Tàṣírìkì. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pè wọ́n ní ọjọ́ jíjẹ, ọjọ́ mímu àti ọjọ́ ìrántí Ọlọ́hun. A kì í gba ààwẹ̀ nínú wọn. Ìpéjọ ẹbí láti jẹun bá àwọn ọjọ́ yìí mu gan-an, bí a kò bá ti gbàgbé apá kejì ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ìrántí Ọlọ́hun.

Súratul-Hájj, ní āyà 28 àti 36, pa á láṣẹ pé kí a jẹ nínú ẹran tí a pa, kí a sì fún aláìní jẹ. Súratul-Aʿrāf, āyà 31, sì kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fi jíjẹ àti mímu ṣe àṣejù. Orí ohun méjì yìí ni a gbé gbogbo ètò wa kà: kí ó kárí, kí ó má sì ṣòfò.

Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ fẹ́ràn kí a pín ẹran sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, àti ti aláìní. Kì í ṣe dandan kí ìpín náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ti aláìní kúrò kí ẹ tó dá iná sísun ẹran. Bí èéfín bá ti ń ta, tí ọmọ ń bèèrè, ìpín ẹlòmíràn kì í pẹ́ di ti ilé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé a kì í fi ẹran tàbí awọ ẹran iléyá san owó iṣẹ́ fún alápatà. Owó ni kí ẹ fi san án. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ẹran lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ìyẹn dára.

Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká àgbò kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí ojú ayé. Nínú àwọn oúnjẹ tí a ó kà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò nílò ẹran rárá, ẹbí yóò sì jẹ ẹ́ yó.

Òjò ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún tí à ń kà ní oṣù òyìnbó lọ. Ìdí nìyẹn tí Iléyá fi ń sún lọ́dọọdún. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni, ó sì ń sún bọ̀ sínú oṣù karùn-ún. Gbogbo àkókò yìí, òjò ń rọ̀ ní Ìbàràpá.

Òjò mú ohun mẹ́ta wá. Èkíní, igi ìdáná máa ń tutù. Ẹ kó igi àti èédú wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì bò wọ́n. Èkejì, eṣinṣin máa ń pọ̀. Ẹ wá àwọ̀n tàbí aṣọ funfun tó mọ́ tí ẹ ó fi bo oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tó dára: àgbàdo tútù ń jáde bọ̀, ewébẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Bí ìpéjọ yín bá bọ́ sí oṣù kẹjọ, iṣu tuntun náà ti wà nílẹ̀.

Ibo ni ẹ ó jókòó sí? Ẹ jókòó sí ibi tí ẹ ti lè yára wọ abẹ́ òrùlé: àgbàlá ilé, iwájú mọ́sálásí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàṣẹ, tàbí pápá iléèwé tó ní yàrá tí kò tì. A kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ kó ọmọdé lọ sí etí odò Òfìkì tàbí sínú oko jíjìn nítorí fàájì. Odò máa ń kún lójijì nígbà òjò. Kò sì sí ọmọ Ìbàràpá tó gbàgbé òru tí wọ́n ya wọ Ìgàngán ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ilé sì jóná. Abẹ́ igi ilé yín tó. Ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Omi: ẹ má fi ṣeré

Àwọn àgbà Ìdèré mọ ohun tí omi búburú lè ṣe. Ní àwọn ọdún 1980, sòbìà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jà níbẹ̀ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, débi pé àgbẹ̀ kì í lè lọ sóko. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ní ibùdó iṣẹ́ ìlera ní Igbó-Ọrà láti ọdún 1963, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ìlú. Wọ́n kọ́ wọn láti máa fi aṣọ asẹ́ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì ṣì wà. Nígbà òjò, ẹ̀gbin ilẹ̀ máa ń ṣàn wọ inú kànga. Nítorí náà, fún ogún ènìyàn, ẹ ra báàgì omi inú ọ̀rá méjì fún mímu, èyí tó jẹ́ ogójì ẹyọ, tàbí kí ẹ se omi kànga kí ó hó dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Lẹ́yìn èyí, ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ta: ọ̀kan fún ìdáná, ọ̀kan fún fífọ ọwọ́ àti àwo, ọ̀kan fún àlùwàlá. Ẹ gbé ti fífọ ọwọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kí ẹ fi ọṣẹ tì í.

Oúnjẹ márùn-ún tí kò ní yọ yín lẹ́nu

Ẹ má se oúnjẹ mẹ́wàá. Ẹ mú mẹ́ta nínú márùn-ún yìí, ó ti tó.

1. Ọ̀lẹ̀lẹ̀. Òun ni ọba oúnjẹ ìta. A lè sè é ní ìdájí kí a jẹ ẹ́ ní ọ̀sán, kò nílò ọbẹ̀, ọmọdé lè mú un lọ́wọ́. Kóńgò ẹ̀wà kan máa ń tó bí ogún ẹyọ. Fún ogún ènìyàn, kóńgò méjì ni kí ẹ lọ̀, kí ó lè kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní méjì. Ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n ọn, kì í ṣe ọ̀rá. Ewé kò ná ni ní púpọ̀, ó ń fún un ní òórùn dídùn, bí a bá sì jẹ ẹ́ tán, ewúrẹ́ ni yóò palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ẹ ra ẹ̀wà yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀. Àwọn kan máa ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, fífọ kò sì lè mú un kúrò tán. Ẹ̀wà tó ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó dín owó tó.

2. Àdàlú. Ẹ̀wà àti àgbàdo tútù nínú ìkòkò kan, pẹ̀lú epo pupa, ata àti àlùbọ́sà. Kóńgò ẹ̀wà kan àti àgbàdo tútù bíi mẹ́wàá tí a yìn yóò tó ogún ènìyàn bí oúnjẹ mìíràn bá wà. Ẹ se ẹ̀wà dé ìdajì kí ẹ tó da àgbàdo sí i. Iyọ̀ ni kí ó gbẹ̀yìn. Oúnjẹ yìí yẹ ẹni tí kò pa ẹran rárá, nítorí pé ẹ̀wà ń ṣe ara lóore bí ẹran.

3. Àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ilasa. Ibi tí a ń gbé, ẹni tó bá kó ẹbí jọ tí kò ro àmàlà, wọn ó ní kò se oúnjẹ. Àmàlà kì í ṣe oúnjẹ à-sè-sílẹ̀, ṣùgbọ́n ríro rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ bí omi bá ti hó. Ẹ sọ ọbẹ̀ di ṣíṣe tán ní àárọ̀, kí ẹ wá ro àmàlà nígbà tí gbogbo ènìyàn ti jókòó. Kóńgò láfún méjì àbọ̀ ni kí ẹ pèsè fún ogún àgbà. Ẹ ra láfún tó gbẹ dáadáa, tó funfun, tí kò hu olú dúdú. Láfún gidi, wọ́n gbọ́dọ̀ ti rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí májèlé inú ẹ̀gẹ́ lè jáde. Ẹni tó bá ń kánjú tà á lè dín ọjọ́ náà kù, èyí sì léwu. Ọ̀dọ̀ oníbàárà yín àtijọ́ ni kí ẹ ti rà á.

Ilasa, tí í ṣe ewé ilá, kò ná ni ní nǹkan kan lásìkò òjò. Àwọn ará Igbó-Ọrà máa ń sọ pé ilasa àti àmàlà ló fà á tí ìbejì fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì rí ẹ̀rí tó dájú lórí ìyẹn. Ọlọ́hun ló ń fúnni lọ́mọ, ọ̀kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n pé ilasa dùn, ìyẹn kò nílò ìwádìí.

4. Ẹran sísun. Fún ogún ènìyàn, kílò mẹ́rin ẹran tí kò ní eegun tó, ìyẹn kílò kan fún ènìyàn márùn-ún. Ẹ ṣe é báyìí: ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ gé ẹran sí wẹ́wẹ́ tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Ẹ fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, iyọ̀ àti ata gígún sí i, kí ẹ sì sè é títí yóò fi jinná tán nínú ìkòkò. Nígbà tí ẹbí bá dé, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n irin, kí iná èédú fi awọ̀ àti òórùn sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá gé ata rodo àti àlùbọ́sà tútù pò mọ́ ọn. Àǹfààní ọ̀nà yìí pọ̀: ẹran ti jinná kí ó tó dórí iná, a kò ní bá ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, àlejò kò sì ní dúró pẹ́. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ se ẹran dé ìdajì ní alẹ́, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹran àsèèjinná tó sùn mọ́jú máa ń gbé àrùn dání.

5. Àgbàdo sísun àti iṣu sísun. Èyí ni ti àwọn ọmọdé. Àgbàdo ogún, àgbọn méjì, ó parí. Bí iṣu tuntun bá ti dé, ẹ sun ún, kí ẹ fi epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan dúró ti iná náà ní gbogbo ìgbà.

Fún ìpápánu, ẹ lè ra wàrà. Àwọn ìyá Fúlàní ti ń kiri wàrà fún wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì tọ́ kí aáwọ̀ má ba okòwò rere jẹ́ láàárín aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rà á, ẹ tún un sè nínú omi iyọ̀ tàbí kí ẹ dín in kí ọmọdé tó jẹ ẹ́, nítorí pé ó ti rìn jìnnà nínú oòrùn. Fún mímu, ẹ se sóbò ní alẹ́, kí ẹ fi atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, kí ẹ sì gbé e sínú kúlà pẹ̀lú omi dídì. Kò nílò ṣúgà púpọ̀. Àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ ń bẹ láàárín wa.

Ètò ọjọ́ mẹ́ta

Ọjọ́ kẹta ṣáájú: Ẹ ka iye ènìyàn. Ẹ bèèrè ẹni tí kì í jẹ ẹ̀pà, ẹni tí dókítà ní kó má jẹ iyọ̀ púpọ̀, àti ọmọ ọwọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ ra ohun tí kì í bàjẹ́: ẹ̀wà, láfún, epo, iyọ̀, èédú, ewé, omi.

Ọjọ́ kejì ṣáájú: Ẹ ṣa ẹ̀wà. Ẹ fọ ìkòkò, àwo àti kúlà, kí ẹ sá wọn sínú oòrùn. Ẹ pín iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. A ó padà sí èyí.

Ọjọ́ tó ṣáájú: Ẹ ra ata, àlùbọ́sà, ilasa àti àgbàdo. Ẹ lọ ata, kí ẹ sì dín in nínú òróró títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ata díndín tó gbẹ kì í tètè kan. Ẹ se sóbò.

Ọjọ́ náà: Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ lọ ẹ̀wà, ẹ pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ gbé e kaná. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹran àti ọbẹ̀. Ní aago mọ́kànlá, kí gbogbo obìnrin tó wà nídìí ààrò lọ wẹ̀, kí wọ́n sì wọ aṣọ ọdún wọn. Àwọn ọkùnrin ni yóò dá iná èédú. Ẹ kírun Àìlà ní jàmáà, kí ẹ wá jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìrun Alásárì tó dé, kí ẹ ti kó àwo nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ké kábárà lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Èyí ni wọn ó rántí nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà?

Nígbà tí wọ́n bi Àíṣà ìyá àwọn onígbàgbọ́ (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó dáhùn pé ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí àkókò ìrun bá sì tó, á jáde lọ kírun. Imam Bukhari ló gbà á wá. Ọkùnrin wo ló tóbi ju Ànábì lọ tí kò fi ní pọn omi, tí kò fi ní fẹ́ná?

Ẹ pín in báyìí: àwọn géndé ni omi, igi, àga àti iná ẹran. Àwọn ìyàwó ilé ni ọbẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti àmàlà. Àwọn ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, ni bíbu oúnjẹ àti fífọ àwo. Àwọn ìyá àgbà ni kí ó máa sọ bí iyọ̀ ṣe rí. Ìyàwó tuntun kì í ṣe ẹrú ọdún. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Bí oúnjẹ kò ṣe ní di àìsàn

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọdún kan, a se ẹran púpọ̀ ní alẹ́, a dà á gbígbóná sínú agbada ńlá, a sì dé e pinpin nítorí eṣinṣin. Kò sí iná mànàmáná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹran ti ń hó, ó ti kan. Ìyá wa kan ní kí a fi ata púpọ̀ tún un sè, pé ẹran ọdún kì í ṣe ohun à-dànù. A jẹ ẹ́. Ènìyàn méje ló ṣàìsàn, àti ọmọ kékeré kan tí wọ́n fa omi sí lára fún ọjọ́ méjì. Ọlọ́hun yọ ọ́, ṣùgbọ́n a kọ́gbọ́n. Májèlé tí kòkòrò àrùn ti tu sínú oúnjẹ, ìtúnsè kì í pa gbogbo rẹ̀.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ kò le láti rántí:

Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, àti lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹran tútù.

Ẹ ya ọ̀bẹ àti pákó ẹran tútù sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe fi àwo tó gbé ẹran tútù gbé ẹran sísun.

Ẹ se oúnjẹ jinná dé inú. Omi ara ẹran gbọ́dọ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ pọ́n.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí oúnjẹ sísè wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Ó yẹ kí ó gbóná gan-an lórí iná tàbí nínú kúlà, ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kí ó tutù gan-an nínú fìríìjì, kó má tó ìwọ̀n 5. Àárín méjèèjì ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i.

Ẹ lo omi tó mọ́ àti èròjà tí kò bàjẹ́.

Bí kò bá sí fìríìjì, ẹ má se ju ohun tí ẹ ó jẹ tán lọ. Ẹran tó kù, ẹ sè é jinná, ẹ dín in gbẹ nínú òróró tàbí kí ẹ yan án lórí èéfín títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú abọ́ fífẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n kí ẹ tó dé e. Èyí tó bá ti ń yọ́ tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù. Ẹran iyebíye ni, ṣùgbọ́n ọmọ yín ṣe iyebíye jù ú lọ.

Ó sàn kí ẹran kó má tilẹ̀ kù. Ní ọdún kan, Ànábì kọ̀ fún àwọn Sàábé láti tọ́jú ẹran iléyá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, nítorí àwọn aláìní tó wọ ìlú lásìkò náà. Lẹ́yìn náà ó yọ̀ǹda rẹ̀. A lè tọ́jú ẹran, ṣùgbọ́n a mọ ìdí tí ó fi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní ọdún tí nǹkan bá le, ẹ̀kọ́ náà ṣì wà fún wa.

Iná àti ọmọdé

Ẹ má ṣe da bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì sórí èédú tó ti ń jó. Iná náà máa ń fò mọ́ni. Ìhá ẹyìn àti ẹ̀ṣá igi gbígbẹ tó láti fi ràn án. Ẹ gbé àdògán síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹ fa ìlà yí i ká lórí ilẹ̀, kí ẹ sọ fún ọmọdé pé kí wọ́n má kọjá ìlà náà. Kí garawa omi kan àti yanrìn wà nítòsí.

Bí òjò bá dé, ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ inú yàrá kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Èédú máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fojú rí. Ó lè pa odindi ẹbí mọ́ ojú oorun. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa ni kí ẹ gbé e sí, tàbí kí ẹ pa á pátápátá.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀

Kí ẹ tó bu oúnjẹ àkọ́kọ́, ẹ bu ti àwọn wọ̀nyí: opó tó wà ní ìkángun àdúgbò, àgbà tí kò lè rìn wá, àwọn kéwú tó ń gbé lọ́dọ̀ Alùfáà, àti aládùúgbò yín, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Ànábì gba Abu Dharr níyànjú pé bí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó bu omi kún un, kí ó sì rántí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹ kò ríi bí ó ti rọrùn tó? Kò sọ pé kí ó pa màlúù kejì. Omi ọbẹ̀ ni ó ní kí ó fi kún un.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti gbé abọ́ wọ̀nyí lọ fúnra wọn, ní méjì-méjì. Bí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun, kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí olúkúlùkù sì jẹ níwájú ara rẹ̀.

Láti Ìgàngán dé Èrúwà, láti Ayétẹ̀ dé Tápà, Ìdèré, Igbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀, a kí gbogbo yín. Kí Ọlọ́hun gba ẹran àti ìrun wa. Kí Ó jẹ́ kí á pé jọ lọ́dún tó ń bọ̀, kí iye wa má dín, kí oúnjẹ wa má sì di àìsàn sí wa lára. Āmīn.